Lókè, Láàárín, Nísàlẹ̀: Ìfiwéra Gíga Tí Bàálù Ajubọ́ǹbù Lè Fò Nínú Géèmù Ogun Pàsífíìkì

Ẹni tó bá ń gbá War in the Pacific: Admiral's Edition, géèmù ogun tó jáde lọ́dún 2009, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àṣẹ ni èèyàn ń pa fún ẹgbẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ ogun kan tó yí: ibùdó tí wọn yóò ti gbéra, ohun tí wọn yóò lọ ju bọ́ǹbù lù, iye bàálù tí yóò sinmi nílé, àti bí wọn yóò ṣe fò ga tó. Àṣẹ ìkẹyìn yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Wọ́n á fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a, tàbí kí wọ́n fi í sí àárín, pẹ̀lú èrò pé òkè kì í jẹ́ kí bọ́ǹbù ba ibi tí a fojú sùn, ìsàlẹ̀ sì ń pa awakọ̀, nítorí náà kí a kúkú pín in sí méjì. Èmi náà ti ronú bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ná mi ní bàálù tó pọ̀. Gíga ìfò kì í ṣe iyọ̀ tí a ń bù sọ́bẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dùn. Gíga kọ̀ọ̀kan ló ní irú ohun tó yẹ kí a fi lù, irú ìbọn tí a lè fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti irú awakọ̀ tó lè fò ó kí ó sì tún fò ó lọ́jọ́ kejì.

Nínú ìfiwéra yìí, ogun gan-an tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1941 sí 1945 ni mo fi ṣe ìwé atọ́ka, nítorí orí rẹ̀ ni àwọn tó ṣe géèmù náà gbé òfin wọn kà. Mo yà díẹ̀ sí Yúróòpù pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ kan wà tó jẹ́ kí ti Pàsífíìkì hàn kedere.

Ìṣirò kékeré kan ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Bọ́ǹbù tí a bá jù sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 20,000 yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 35 kí ó tó dé ìsàlẹ̀, bí a kò bá ka ìdènà afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Láti ẹsẹ̀ bàtà 10,000, yóò lo nǹkan bíi 25. Láti 1,000, kò ní pé 8. Ọkọ̀ ogun tó ń sáré ní nóòtì 30 ń rin nǹkan bíi mítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí túmọ̀ sí pé láàárín ìgbà tí bọ́ǹbù kúrò nínú bàálù ní ẹsẹ̀ bàtà 20,000 sí ìgbà tó kan omi, ọkọ̀ náà ti rin ju mítà 500 lọ, bẹ́ẹ̀ Akagi, ọkọ̀ agbébàálù ńlá Jàpáánì, kò gùn ju nǹkan bíi mítà 260. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá gbójú sókè tó rí i pé bọ́ǹbù ti já, ó ní àyè láti yí ìdarí padà kí ó sì fi ibi tí wọ́n fojú sùn sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì gígùn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, nítorí òun ló fa ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàárín ohun tí ń rìn àti ohun tó dúró sójú kan.

Òkè, láti ẹsẹ̀ bàtà 15,000 lọ

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1942, àwọn B-17, bàálù ajubọ́ǹbù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà, gbéra láti erékùṣù Midway, wọ́n sì ju bọ́ǹbù lu àwọn ọkọ̀ agbébàálù Jàpáánì láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20,000. Wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìròyìn pé àwọn ti lu ọkọ̀ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ tẹnu àwọn ará Jàpáánì lẹ́yìn ogun, kò sí ẹyọ bọ́ǹbù kan lára tiwọn tó ba ọkọ̀ agbébàálù kankan. Kì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́ wọn. Ìṣirò òkè yẹn ló ṣẹ́gun wọn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ó má rán B-17 lọ lu ọkọ̀ tó ń sáré lójú agbami, àyàfi tí kò bá ní ohun mìíràn tó lè dé ibẹ̀.

Pápá bàálù, èbúté, ilé epo àti ilé iṣẹ́ kò lè sá. Fún ìwọ̀nyí, òkè ló tọ́, pàápàá bí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, tí bọ́ǹbù wọn ń bo ilẹ̀ bí òjò. Kò pọn dandan kí ẹyọ bọ́ǹbù kan ba ibi kan pàtó. Ohun tí o ń wá ni pé kí pápá náà kún fún kòtò, kí bàálù tó wà nílẹ̀ jóná, kí wọ́n má lè gbéra fún ọjọ́ díẹ̀. Bàálù ọgbọ̀n láti ẹsẹ̀ bàtà 15,000 lè ṣe èyí lọ́jọ́ mẹ́rin tẹ̀léra, kí gbogbo wọn sì ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé òkè jẹ́ ibi ààbò. Ó dín agbára ìbọn ilẹ̀ kù lóòótọ́, kò sì dín ti bàálù alépa kù, ìyẹn àwọn bàálù kéékèèké tí ń dènà àwọn ajubọ́ǹbù lójú òfuurufú. Ní Schweinfurt, ní Jámánì, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1943, àwọn B-17 tó lọ jẹ́ 291, ọgọ́ta nínú wọn kò sì padà wálé, bẹ́ẹ̀ òkè réré ni wọ́n wà. Nínú géèmù, ohun kan náà ni: ẹni tó wà lókè ẹnìkejì ló ń kọ́kọ́ já lù ú, nítorí náà bí o bá mọ̀ pé bàálù alépa ọ̀tá ń ṣọ́ ojú ọ̀run ní ẹsẹ̀ bàtà 20,000, kò sí èrè kan nínú kí o gbé ajubọ́ǹbù tìrẹ sí 18,000 láìní àwọn tó ń sìn wọ́n lọ. Àárẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Lókè ẹsẹ̀ bàtà 10,000, afẹ́fẹ́ inú agolo ni èèyàn ń mí, òtútù ibẹ̀ sì ń gan ọwọ́ mọ́ irin ìbọn. Ìrìn wákàtí mẹ́jọ ní irú ibẹ̀ kò jọ ìrìn wákàtí mẹ́jọ nísàlẹ̀.

Ìsàlẹ̀: ohun kan náà tó gba ẹnìkan là tó sì pa ẹlòmíràn

Apá yìí ló yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù, nítorí ọdún 1943 fún wa ní àpẹẹrẹ méjì tí kò ju oṣù méjì ààbọ̀ lọ síra wọn, tí ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́gun ńlá, tí èkejì sì jẹ́ àjálù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ọ̀wọ́ ọkọ̀ Jàpáánì kan ń kó ọmọ ogun láti Rabaul, ibùdó ńlá Jàpáánì, lọ sí Lae, ní New Guinea: ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́jọ, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun mẹ́jọ tó ń sìn wọ́n. Ọ̀gágun George Kenney, tó ń darí àwọn bàálù Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà níbẹ̀, ti gbà kí wọ́n tún àwọn B-25 kan ṣe, kí wọ́n yọ ohun tó wà nímú wọn, kí wọ́n sì to ìbọn síbẹ̀. Àwọn awakọ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ gbáko kọ́ iṣẹ́ náà lórí àwókù ọkọ̀ kan tó wà létí Port Moresby. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà, àwọn bàálù Beaufighter ti Ọsirélíà ṣáájú, wọ́n ń fi ìbọn gbá orí ọkọ̀ mọ́ kí ẹni tó dúró ti ìbọn ibẹ̀ má lè gbé orí sókè. Àwọn B-25 tẹ̀lé wọn ní gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpó ọkọ̀, wọ́n sì ju bọ́ǹbù tó ń ta lórí omi bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù sójú odò, títí yóò fi gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ti dá a sí pé kí bọ́ǹbù náà má bú títí di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí bàálù lè ti ré kọjá. Gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́jọ náà rì, mẹ́rin nínú ọkọ̀ ogun mẹ́jọ sì bá wọn lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, B-26 mọ́kànlá gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí IJmuiden, ní Nẹ́dálándì, láti lu ilé iná mànàmáná. Nísàlẹ̀ ni wọ́n fò pẹ̀lú. Ọ̀kan padà nítorí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn mẹ́wàá tó kù kò padà wálé, gbogbo wọn pátá.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Bàálù méjèèjì jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì méjì, gíga ìfò wọn sì fara jọra. Ohun àkọ́kọ́ ni ìbọn. Ọkọ̀ akẹ́rù kò ní ìbọn púpọ̀, èyí tó sì ní ni wọ́n ti fi ìbọn bàálù pa lẹ́nu mọ́. Etíkun Nẹ́dálándì kún fún ìbọn mìlímítà 20 ti Jámánì, tí bàálù tó wà nísàlẹ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kejì ni pé ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹgbẹ́ bàálù kan náà ti lọ sí ibi kan náà ní ìsàlẹ̀ kan náà, nítorí náà àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti ń retí wọn. Ohun kẹta ni pé ilé iná kò lè sá. Kò sí ìdí tó fi pọn dandan kí wọ́n sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ní iyì nígbà tí ohun tí a ń lù bá lè sá, tí ìbọn rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, ẹ gbé e sókè.

Nínú géèmù, ẹ má ṣe fi bàálù tí wọn kò ṣe fún iṣẹ́ yìí sí ìsàlẹ̀ kí ẹ sì máa retí ohun tí Kenney rí. Àwọn A-20 àti B-25 tí wọ́n to ìbọn sí nímú ni géèmù kà sí bàálù ìkọlù ìsàlẹ̀. Àwọn yòókù lè lọ, ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìgboyà wọn ti wọmi, àárẹ̀ ti gòkè, ìdajì wọn sì ti wà nílé àtúnṣe. Ní ti kí a fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin lu ọkọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù yìí pẹ̀lú ẹnìkejì ló máa ń bá ara wọn ṣe àdéhùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé B-17 àti B-24 kò gbọdọ̀ lu ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000. Mo fara mọ́ àdéhùn náà. Kò sí ọ̀gágun tó ní B-24 tí yóò máa ná wọn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́; nígbà tí wọ́n dán an wò lórí ilé epo Ploiești, ní Romania, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1943, bàálù tó lé ní àádọ́ta ló ṣòfò nínú 177 tó gbéra.

Àárín: ibi tí ọ̀tá rẹ ti ń pinnu fún ọ

Èyí ni ibi tí èrò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà jù, nítorí wọ́n rò pé àárín rí bákan náà níbi gbogbo. Ohun tó wà láàárín ni àlàfo tó wà láàárín òkè ibi tí ìbọn kéékèèké lè dé àti ìsàlẹ̀ ibi tí ìbọn ńlá ti ń ṣe dáadáa. Bí àlàfo náà bá fẹ̀, àárín dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí kò bá sí i, ìbọn méjèèjì ni yóò máa bá ọ níbẹ̀.

Lẹ́yìn IJmuiden, wọ́n gbé àwọn B-26 lọ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sí 12,000, wọ́n ní kí wọ́n máa fò ní ìṣọ̀kan, pẹ̀lú bàálù alépa Spitfire tó ń sìn wọ́n. Ibẹ̀ ga ju ibi tí ìbọn mìlímítà 20 lè dé lọ. Bàálù tí wọ́n ti ń pè ní ìpànìyàn wá di ọ̀kan lára àwọn tí àdánù wọn kéré jù ní Yúróòpù. Bàálù kan náà ni. Gíga ìfò àti bí wọ́n ṣe ń fò ni wọ́n yí padà.

Ní Jàpáánì, àlàfo náà tún wá sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti erékùṣù Mariana, B-29, bàálù ajubọ́ǹbù ńlá Amẹ́ríkà, ti ń ju bọ́ǹbù láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30,000, atẹ́gùn ńlá tó ń fẹ́ lókè níbẹ̀ sì ń tú bọ́ǹbù wọn ká, ẹ́ńjìnnì wọn ń gbóná jù bí wọ́n ṣe ń gun òkè, epo tí wọ́n fi ń gun òkè náà sì ń jẹ àyè bọ́ǹbù. Curtis LeMay, ọ̀gágun tó ń darí wọn, pinnu pé ìbọn kéékèèké Jàpáánì kò pọ̀ tó, pé bàálù alépa òru wọn kò tó nǹkan, àti pé ìbọn ńlá wọn ni wọ́n ṣètò fún òkè. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1945, ó rán wọn lọ sí Tokyo ní ẹsẹ̀ bàtà 5,000 sí 9,000, ó sì ní kí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìbọn àti ọta kúrò kí bọ́ǹbù oníná lè pọ̀ sí i. B-29 mẹ́rìnlá ló ṣòfò nínú 279 tó dé orí ìlú náà. Àwọn tí ìṣirò kà pé wọ́n kú nísàlẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Mo ń kọ nọ́ńbà yẹn síhìn-ín nítorí pé géèmù kò ní fi hàn ọ́; ìpín ilé iṣẹ́ tó jóná nìkan ni yóò kọ sójú kọ̀ǹpútà.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi gíga yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 7,000, lọ sórí ìlú kan ní Jámánì lọ́sàn-án, ìbọn mìlímítà 20, 37 àti 88 ni yóò máa pín in jẹ. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá bi mí pé ṣé 7,000 dára, ìbéèrè tèmi ni pé: lórí ta ni? Lórí ibùdó Jàpáánì kan tó dá wà, tí ìbọn mìlímítà 25 ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ó dára, nítorí ìbọn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan mọ́ bí bàálù bá ti kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5,000. Lórí Rabaul tí wọ́n ti kó ìbọn onírúurú jọ sí, n kò ní dán an wò.

Àwọn tí nọ́ńbà wọn kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n ń jà ní

Bàálù ajáwálẹ̀ àti bàálù tọ̀pídò, ìyẹn èyí tó ń ju bọ́ǹbù tí ń sáré nínú omi lọ bá ọkọ̀, ní òfin tiwọn. Bàálù ajáwálẹ̀ nílò òkè kí ó lè já bọ́ bí àwòdì tó rí òròmọdìẹ: ní Midway, àwọn Dauntless já ṣòòrò láti òkè réré, wọ́n sì tú bọ́ǹbù sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,000, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni Akagi, Kaga àti Soryu ń jóná. Nínú géèmù, ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sí 15,000 ni kí o fi wọ́n sí kí wọ́n lè já bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi wọ́n sí 6,000 nítorí pé o rò pé ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ kí wọ́n fojú sùn dáadáa, ìwọ gan-an lo gba ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́ wọn.

Bàálù tọ̀pídò yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 200 láti tú tọ̀pídò sílẹ̀, nọ́ńbà yòówù kí o kọ sí i. Ewu rẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ lọ tààrà, kí ó sì rọra lọ. Ní owurọ̀ ọjọ́ Midway kan náà, ẹgbẹ́ tọ̀pídò kẹjọ ti ọkọ̀ Hornet lọ pẹ̀lú bàálù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìní ẹni tó ń sìn wọ́n. Gbogbo bàálù náà já, George Gay nìkan ló sì yè nínú ọgbọ̀n ọkùnrin tó wà nínú wọn. Nítorí náà, ohun tí mo ń wò fún wọn ni ẹni tó ń sìn wọ́n lọ, kì í ṣe gíga. Àyàfi nígbà kan: bí ibùdó wọn kò bá ní tọ̀pídò, bọ́ǹbù ni wọn yóò gbé, nọ́ńbà tí o kọ yóò sì wá di òótọ́ lójijì. Mo ti gbàgbé èyí rí, tí àwọn Betty mi, bàálù Jàpáánì tó lè gbé tọ̀pídò, lọ ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ ogun ńlá láti ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí mo kàn kọ síbẹ̀ láìronú.

Bàálù akẹ́rù náà wà lábẹ́ òfin ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ń jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà lọ́dún 1944, òfuurufú ni gbogbo oúnjẹ àti ọta wọn ti ń wá, ìsàlẹ̀ sì ni Dakota gbọ́dọ̀ wá kí ẹrù má bàa lọ bọ́ sínú igbó ọ̀tá. Ẹni tó bá ń gbá apá Bọ́mà kò gbọdọ̀ fi bàálù alépa rẹ̀ du àwọn akẹ́rù yìí.

Bí mo ṣe ń yàn án báyìí

Nínú eré tí mo wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ìparí ọdún 1942 ni, Port Moresby ni ibùdó mi. Lórí pápá bàálù Lae, B-26 mi wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10,000, lọ́jọ́ méjì nínú mẹ́ta, nítorí ìbọn kéékèèké ibẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ìbọn ńlá kò sì pọ̀. Lórí Rabaul, B-17 nìkan ló ń lọ, ní 18,000, èbúté ni wọ́n ń lù, kì í ṣe ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀. Àwọn A-20 wà nílé, mo fi wọ́n sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pátápátá ní ẹsẹ̀ bàtà 100, awakọ̀ wọn ń kọ́ bí wọn yóò ṣe lu ọkọ̀ nísàlẹ̀, nọ́ńbà tí géèmù fi ń díwọ̀n ìmọ̀ wọn sì ti ń sún mọ́ 60. N kò ní fi wọ́n lu pápá kankan. Mo ń dúró de ìgbà tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan yóò yọrí láti Rabaul sí Lae.